Láti Inú Àdàlù Dé Inú Abọ́ Onípele

"Wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n Nùréènì ti mú tìrẹ, wọ́n ti fi sí…"

"Fi sí ibo?"

"Ìsàlẹ̀ ni mo gbọ́. Mi ò gbọ́ ọ tán. Ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ní…"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọbìnrin kan tó wà níwájú mi níbi tí mo ti lọ pààrọ̀ ojú fóònù mi. Òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu Job tó ń bá Ẹ̀gbọ́n ṣiṣẹ́ ni. Ó ní Job ní Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n mú ti ọmọ Dópẹ̀mú yẹn, kí wọ́n… Ibẹ̀ ni wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀. Mi ò gbọ́ ìyókù."

Báyìí ni Shukurat ṣe kó ọ̀rọ̀ náà wá bá mi ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà wa, tó ń ju gúgúrú sẹ́nu. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní ní gbogbo Dópẹ̀mú nìyẹn. Ohun tí mi ò bá lè sọ, òun ló ń bá mi sọ ọ́. Ibi tí mi ò bá lè dé, òun ló ń bá mi dé ibẹ̀. Màmá mi, tó ṣe olùkọ́ rí ní Ìkéré-Èkìtì, ló kọ́ mi nílé láti kékeré, nítorí èémí mi kì í délẹ̀ dáadáa nígbà náà. Mo mọ ìwé, mo mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n tí ènìyàn mẹ́ta bá wò mí lẹ́ẹ̀kan náà, ahọ́n mi á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu.

"Ìsàlẹ̀ pátápátá," mo tún un sọ.

"Má sunkún o. Ó kéré tán, wọn ò jù ú nù."

N kò sunkún. Ṣùgbọ́n nǹkan kan já ní àyà mi.

Géèmù kan wà tí à ń wa ọkọ̀ àjàgbé nínú rẹ̀. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe sínú rẹ̀: yìnyín, títì tó mọ́ bí abọ́, afárá tí kò sí alákàrà kan lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè fi nǹkan tirẹ̀ kún un, àfikún yẹn la sì ń pè ní mọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n Nùréènì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, fi ọdún mẹ́ta gbáko kó títì Èkó sínú géèmù náà, láti Òṣòdì títí dé Ìyànà Ìpájà. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n máa kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, tiwọn àti ti àwọn mìíràn tó bá dára, tí wọ́n á gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó wà níbikíbi láyé lè wa tírélà gba Agége kọjá.

Oko Ọba ni tèmi tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Odò ẹran àti ọjà màlúù, pẹ̀lú géètì rẹ̀, èéfín rẹ̀ àti igi tí àwọn darandaran ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo tíì dé Oko Ọba rí. Bàbá Àbdùlgàfár, alápatà tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ sílẹ̀, tí yàrá wọn ṣe ìkẹta sí tiwa, ni wọ́n kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀. Màá jókòó ti ẹsẹ̀ wọn, màá máa kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tí wọ́n ń so akọ màlúù mọ́, ibi tí omi ń gbà ṣàn, ibi tí àwọn alágbàtà ń dúró sí kí oòrùn má bàa pa wọ́n. Lẹ́yìn náà mo gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kí oníbàárà, bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ iṣẹ́ wí, bí wọ́n ṣe ń yin màlúù tí wọ́n fẹ́ tà. Ẹyọ mọ́kànlélógójì.

Mo ṣe ìlérí kan fún wọn nígbà náà. Mo ní gbogbo ayé á gbọ́ ohùn wọn.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àárọ̀ kan tí wọn kì í bèèrè. "Bùsáyọ̀, ṣé wọ́n ti ń gbọ́ mi ní London?"

"Wọn ò tíì gbọ́ yín, Bàbá. Ó ku díẹ̀."

Wọ́n ti sọ fún gbogbo alápatà tí wọ́n jọ ń kírun. Wọ́n ti ní kí àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì Oko Ọba kóra jọ ní Sátidé, kí ẹnì kan gbé fóònù ńlá wá. Tí Sátidé bá wá dé, tí Oko Ọba ò sí nínú ẹrù tí Ẹ̀gbọ́n Nùréènì gbé jáde, èmi ni mo sọ àgbàlagbà di òpùrọ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ohun tó já ní àyà mi nìyẹn.

"Shukurat," mo ní, "Àdàlù ò ní ìsàlẹ̀."

"Kí ni?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mọ́ọ̀dù kì í dá wọ inú géèmù. Ó ní alákòóso tó ń tò ó, méjì nínú irú alákòóso bẹ́ẹ̀ ló sì gbòde ládùúgbò wa. Orúkọ òyìnbó wọn gùn, Shukurat ló sọ wọ́n ní orúkọ tí gbogbo wa ń pè wọ́n. Ó pe ọ̀kan ní Àdàlù, nítorí gbogbo mọ́ọ̀dù tí o bá fún un, inú géèmù gan-an ló ń dà á sí, bí ẹ̀wà àti àgbàdo nínú ìkòkò kan. Ó yá, ó rọrùn, àmọ́ tí o bá fẹ́ ṣa àgbàdo kúrò lẹ́yìn náà, ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Ó pe èkejì ní Abọ́ Onípele, bí abọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ sẹkitéríàtì fi ń gbé oúnjẹ: ìrẹsì lọ́tọ̀, ọbẹ̀ lọ́tọ̀, ẹran lọ́tọ̀, o kàn ń tò wọ́n léra ni. Géèmù á rò pé inú òun ni gbogbo rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ìkòkò rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Àdàlù ni èmi ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun náà ni wọ́n ń lò ní ìsọ̀ Ẹ̀gbọ́n, àfi ọ̀sẹ̀ yìí tí wọ́n kó gbogbo ẹrù wọn lọ sínú Abọ́ Onípele.

"Inú ìkòkò kan ni Àdàlù," mo sọ fún Shukurat. "Kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Tí Ẹ̀gbọ́n bá sọ pé ìsàlẹ̀, inú Abọ́ Onípele ni wọ́n ti sọ ọ́. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ibi tí wọ́n fi mí sí."

"O fẹ́ kúrò nínú Àdàlù? Lónìí?"

"Lónìí."

"Wọ́n ní ẹni tó bá kúrò nínú Àdàlù, Àdàlù á kó ẹrù onítọ̀hún lọ."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní."

Iná wà. Bátìrì kún. Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, Shukurat sì fa àpótí rẹ̀ wọlé, òun àti gúgúrú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo Abọ́ Onípele lókèèrè bí ẹni tó ń wo ilé tuntun lójú pópó, tó ń rò ó pé báwo ni inú rẹ̀ á ṣe rí.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo kó iṣẹ́ ọwọ́ ara mi sórí fíláàṣì kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mọ́ọ̀dù ẹlòmíràn, mo lè tún un gbà. Ti ara mi, ibo ni màá ti rí i? Mo kó géètì, mo kó màlúù, mo kó èéfín. Mo kó ohùn Bàbá, mo kà á. Ogójì.

Mo tún un kà. Ogójì.

"Ẹyọ kan kù," mo ní.

"Àdàlù ti jẹ ẹ́," Shukurat wí. "Mo sọ fún ọ."

Mo wá a kiri inú géèmù náà, fódà lórí fódà. Ohun tí mo ti da sínú ìkòkò láti oṣù mẹ́jọ, mo ń fi ọwọ́ rò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé ọjọ́ kan wà tí Bàbá ń sọ̀rọ̀, tí ẹ̀rín gbé wọn lọ, tí wọn ò sì lè parí gbólóhùn náà mọ́. Mi ò fi í sí ibi tí ìyókù wà. Mo fi pamọ́ sínú fódà àwọn òkè yìnyín tí kò sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ náà ló wà, ó jókòó jẹ́ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín Bàbá sì kún yàrá.

"Ta ló ń pè mí?" Bàbá béèrè láti ojúlé wọn.

"Kò sẹ́ni o, Bàbá," Shukurat dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń pe ara yín."

Mọ́kànlélógójì. Mo wá sọ fún Àdàlù pé kó kó gbogbo ohun tó dà sínú géèmù kúrò. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Shukurat di ojú rẹ̀, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń kó o lọ, ó ń kó o lọ. Ìgbà tó ní òun ti parí, mo yẹ inú ìkòkò wò, mo sì rí i pé èérún àgbàdo ṣì wà káàkiri: ògiri ilé kan níbí, ìwo màlúù kan lọ́hùn-ún. Bí Àdàlù ṣe rí nìyẹn, kì í palẹ̀ mọ́ tán. Mo pa géèmù náà rẹ́ pátápátá, mo sì tún gbé òmíràn kalẹ̀ láti inú àdàkọ tí mo ní. Ìyẹn gbà wá tó wákàtí kan. Shukurat jẹ gúgúrú tán, ó lọ ra òmíràn.

Nígbà tí mo ṣí Abọ́ Onípele, ó funfun báláú. Ìwé kan ṣoṣo tó ní ìlà, kò sí ohun kankan lórí rẹ̀. Mo mú mọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, mo gbé e sí i, ó jókòó ní ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú àpótí kékeré kan níwájú rẹ̀ tí wọ́n ń fi àmì sí. Tí o bá fi àmì sí i, géèmù á rí i. Tí o bá yọ àmì náà, géèmù ò ní mọ̀ pé ó wà, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó bàjẹ́. Mo fi àmì sí i, mo yọ ọ́, mo tún fi sí i. Inú mi dùn bí ọmọdé tó rí bọ́tìnnì iná fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ó tó," Shukurat wí. "Ṣé àpótí kan lo fẹ́ fi ṣe eré títí ilẹ̀ á fi ṣú?"

Mọ́ọ̀dù méjìlélọ́gọ́ta ni mo ní. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé yẹn ní òkè, ó ní ìsàlẹ̀, ó sì ń béèrè ta ni yóò ṣíwájú.

"Báwo la ṣe máa tò wọ́n?" mo béèrè.

"Bí a ṣe ń bu oúnjẹ nílé yín náà ni. Àgbà kọ́kọ́."

Ó bọ́gbọ́n mu. Mo fi títì Ẹ̀gbọ́n Nùréènì sí òkè pátápátá, nítorí àwọn ni àgbà gbogbo wa. Mo fi ti àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà tipẹ́ tẹ̀lé e. Mo fi koríko Moses sí àárín. Moses kan wà ní Òrílé Agége tó fẹ́ràn koríko. Ibikíbi tó bá ti rí ilẹ̀ tó ṣófo nínú géèmù, á gbin koríko sí i. Láti ìgbà tí mo ti ń lo Àdàlù ni koríko Moses ti ń bo ìdajì Oko Ọba mi mọ́lẹ̀, tí màlúù mi ń yọ orí jáde láàárín rẹ̀ bí ẹni tó rì. Mo ti jà á títí, ó ti sú mi. Lẹ́yìn gbogbo wọn, mo fi tèmi sí ìlà kejìlélọ́gọ́ta.

Shukurat wo ìwé náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà kò ha fi ara rẹ sí ìsàlẹ̀ pátápátá? Kí wá ni Ẹ̀gbọ́n ṣe fún ọ?"

Mo tan géèmù.

Mo wa tírélà náà láti abẹ́ afárá Dópẹ̀mú. Mo gba títì Ẹ̀gbọ́n lọ síhà Agége, gbogbo rẹ̀ pé, kò sí ohun tó yẹ̀. Mo yà sí ọ̀nà Oko Ọba, mo sì ń retí koríko Moses.

Kò sí koríko.

Géètì ló kọ́kọ́ yọ, tòun ti àwọ̀ búlúù rẹ̀ tó ti ṣí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni màlúù, kì í ṣe orí nìkan, gbogbo ara wọn, ìwo gígùn, ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, àwọn ẹyẹ lékeléke lẹ́yìn wọn. Èéfín ń rú láti ibi tí wọ́n ti ń sun awọ. Omi ń ṣàn níbi tí Bàbá ní ó ń gbà. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ́ ọjà yìí, mi ò sì tíì rí i lódindi rí àfi ọ̀sán yẹn. Bí mo ṣe sún mọ́ géètì, ohùn kan jáde:

"Ẹ yà fún màlúù o. Màlúù ò mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá."

Shukurat dìde dúró, gúgúrú dà sílẹ̀. "Bùsáyọ̀. Bùsáyọ̀, wò ó."

"Mo ń wò ó."

"Àwọn ẹyẹ yẹn, ṣé ìwọ lo ṣe wọ́n?"

"Èmi ni."

"O ò sọ fún mi pé ẹyẹ wà níbẹ̀."

"Èmi náà ò rí wọn rí. Koríko ti bò wọ́n."

Mo pa géèmù náà. Mo lọ sínú ìwé Abọ́ Onípele, mo fa Oko Ọba láti ìsàlẹ̀ gòkè lọ sí ìlà kìn-ín-ní, ibi ọlá, kódà ó ga ju ti Ẹ̀gbọ́n lọ. Mo tan án padà, mo wakọ̀ lọ síbẹ̀. Koríko. Koríko lọ rabidun, kò tilẹ̀ sí orí màlúù kan. Mo pa á, mo fà á padà sísàlẹ̀, mo tan án. Ọjà kún, ẹyẹ fò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló sì rí bákan náà.

Ìgbà náà ló wá yé mi. Ẹni tó wà lókè ló ń kọ́kọ́ wọlé. Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀, tí ohun tí wọ́n gbé dání bá jọra, á bo tiẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kò sẹ́ni tó lè bò ó.

Ariwo Shukurat ti gbé Bàbá Àbdùlgàfár jáde. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀tì omi àlùwàlá lọ́wọ́. Mo fún wọn ní àga, mo kúnlẹ̀, mo sì fi gbogbo rẹ̀ hàn wọ́n, òkè àti ìsàlẹ̀. Mo bẹ̀rù pé kò ní yé wọn. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Ìpàdé alápatà náà nìyẹn," wọ́n ní.

"Báwo, Bàbá?"

"Tí ẹjọ́ bá wà nílẹ̀, ta ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Ọmọ iṣẹ́ ni. Á sọ tiẹ̀ tán, ẹni tó jù ú lọ á sọ tiẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè títí yóò fi kan àgbà tó dákẹ́ láti àárọ̀. Ìgbà tí ìyẹn bá lanu, ẹjọ́ ti parí. Àgbà a máa kọ́kọ́ jẹun, ṣùgbọ́n kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin fi ètò oúnjẹ to ohun tó jẹ́ ètò ọ̀rọ̀."

"Ta ló wá fi Bùsáyọ̀ ṣe àgbà?" Shukurat béèrè. "Bàbá Ìsàlẹ̀ ọmọ ogún ọdún."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. "Nítorí náà, tí Nùréènì bá fi ọ́ sí ìsàlẹ̀, ọlá ló bù fún ọ. Ṣé wọ́n máa gbọ́ mi ní London?"

Mo ti fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojú mi ló wá bọ́ sórí àwọn àpótí kéékèèké wọ̀nyẹn.

Ohun kan wà tí mo ti rí nígbà tí mo ń kó ẹrù mi wọlé, tí mi ò kà sí. Mọ́ọ̀dù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìsàlẹ̀ ni Abọ́ Onípele fúnra rẹ̀ ń fi í sí, láìní àmì. Ibẹ̀ ni á jókòó sí bí àlejò tí kò sẹ́ni tó kí, títí ẹnì kan yóò fi rántí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé Ẹ̀gbọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi mí sí ìsàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa bò mí. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀." Ìlà kan náà ni méjèèjì. Àmì yẹn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, Ìkẹjà ló sì wà.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá.

"Ká lọ wò ó," wọ́n ní.

"Ní ọ̀la, Bàbá?"

"Ọ̀la Jímọ̀ ni. Kí n kírun Àsárì tán, ká máa lọ."

Èmi tí mi ò tíì dá Ìkẹjà lọ rí láìsí Màmá mi, mo ń wọ bàtà. Mo rò pé Shukurat ló máa bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo máa wò ó, ó ń so ìbòrí rẹ̀, àmọ́ kò wojú mi.

"Mo ń tẹ̀ lé yín o," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ yìí wá láàbọ̀. Tí mo bá tún bá ọ gbé e padà, á di òfófó. Ìwọ ni kí o bèèrè."

Ìsọ̀ Ẹ̀gbọ́n Nùréènì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní ọjà kọ̀ǹpútà, láàárín ẹni tó ń ta ṣájà àti ẹni tó ń ta àpò kọ̀ǹpútà. Ó kéré ju bí mo ṣe rò ó lọ. Ọkùnrin gíga kan, tó gbé dígí ojú rẹ̀ ka iwájú orí, ń tú kọ̀ǹpútà kan palẹ̀. Job nìyẹn. Oníbàárà mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Àlàáfíà fún ilé yìí," Bàbá wí, kí ẹnikẹ́ni tó kí wọn. "Èmi ni ohùn tó wà ní Oko Ọba."

Gbogbo wọn gbójú sókè. Job wo Bàbá, ó wo Shukurat, ó wò mí. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ohùn wo nìyẹn?"

"Ohùn màlúù," Bàbá ní. "Nùréènì ńkọ́?"

"Wọ́n lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sà. Ìsọmọlórúkọ ni. Fóònù wọn ò wọlé láti àná. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀."

"Kò burú. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ la bá wá. A gbọ́ pé…"

Mo rí i pé Bàbá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí màlúù tí wọ́n kọ́kọ́ pa láyé wọn. Mo rọra fa ọwọ́ aṣọ wọn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n bèèrè."

Ènìyàn mẹ́fà ló ń wò mí, tí mo bá ka Bàbá àti Shukurat mọ́ wọn. Ahọ́n mi lẹ̀. Mo rántí àwọn ẹyẹ funfun wọ̀nyẹn, tó jẹ́ pé oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi wà lábẹ́ koríko tí wọn ò lè fò.

"Bọ̀ọ̀dá Job," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́. Oko Ọba. Ṣé ó ní àmì?"

Job gbé ohun tó fi ń tú kọ̀ǹpútà sílẹ̀. "Ìwọ lo ni Oko Ọba?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ yìí? Moses àti èmi ti jiyàn lórí rẹ. Moses ní ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ti ń ta màlúù fún ogún ọdún ni." Ó yí ojú kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sí wa. Abọ́ Onípele ló wà níbẹ̀, ìlà lórí ìlà, ó ju tèmi lọ ní ìlọ́po méjì. "Wò ó fúnra rẹ."

Mo sún mọ́ ọn. Mo wo òkè, mo rí títì Ẹ̀gbọ́n Nùréènì. Mo ń fà á wálẹ̀, ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́wàá. Ní ìlà tó gbẹ̀yìn gbogbo wọn, mo rí Oko Ọba. Àmì wà níwájú rẹ̀, ó dúdú, ó yanjú.

Shukurat gbá mi lẹ́yìn. Bàbá ní, "Ó wà ńbẹ̀?" Mo ní, "Ó wà ńbẹ̀." Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò tíì balẹ̀ tán. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè ṣèèṣì tẹ àmì, Ẹ̀gbọ́n sì lè dé lọ́la kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kí Sátidé tó mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo tún ní, ó sì yà mí lẹ́nu pé ohùn mi jáde lẹ́ẹ̀kejì, "ta ló fi sí i? Ṣé ẹ̀yin ni, àbí Ẹ̀gbọ́n? A gbọ́ pé wọ́n ní kí ẹ fi mí sí ìsàlẹ̀ pátápátá, a ò sì gbọ́ ìyókù."

"Ta ló gbé ìdajì ọ̀rọ̀ wá bá yín ní Dópẹ̀mú?"

Shukurat bẹ̀rẹ̀ sí í wo ṣájà tó wà ní ìsọ̀ kejì bí ẹni tó fẹ́ rà á.

Job rẹ́rìn-ín. Ó wo Bàbá, ó sì rọra dìde, nítorí kò bójú mu kó jókòó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níwájú àgbàlagbà. "Ọjọ́ Ajé ni," ó ní. "Èmi ni mo sọ pé kí a fi iṣẹ́ yìí sókè pátápátá, nítorí ó wù mí, mo fẹ́ pọ́n ẹni tó ṣe é lé. Moses náà ní bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò gbà fún wa. Ibi tí mo wà yìí ni wọ́n dúró sí. Mi ò ní fi kún un, mi ò sì ní yọ níbẹ̀. Wọ́n ní, 'Job, má fi ti ọmọ Dópẹ̀mú yẹn sókè. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí o fi sí, kí o sì fi àmì sí i lójú mi báyìí. Títì ni èmi mọ̀, mi ò mọ Oko Ọba. Níbi tí tèmi bá ti fẹ́ bo tiẹ̀, tiẹ̀ ni kó dúró. Tí Moses bá bínú nítorí koríko rẹ̀, sọ fún un pé màlúù ti jẹ ẹ́. Bàbá tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ yẹn, mo fẹ́ mọ ilé wọn kí n lọ kí wọn, nítorí mo gbọ́ wọn títí mo fi dá tírélà mi dúró lójú títì.'"